Ojú-Ìwé Tí Kì Í Ṣe Tákàdá

Bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní abẹ́ afárá Ìkẹjà, tí ó sì forí lé òpópó Òtígbà, yóò bá ọjà kan pàdé tí kò sí ata níbẹ̀, tí kò sí iṣu, tí kò sì sí aṣọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́: kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bátìrì, okùn iná, àti fóònù lóríṣiríṣi. Computer Village ni àwọn ará Èkó ń pè é. Ilé gbígbé ni ó wà ní àdúgbò náà tẹ́lẹ̀ rí. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tí ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gba yàrá iwájú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilé fi di ṣọ́ọ̀bù, tí òpópó sì fi di ọjà. Nígbà tí fóònù alágbèéká ti GSM dé sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, àyè kò gba èrò mọ́ níbẹ̀.

Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní òpópó Ọba Akran, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ni ilé iṣẹ́ kan wà tí kò sí olùkọ́ tí kò mọ ìwé rẹ̀. Longman Nigeria ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1961. Láti ọdún 2011 ni ó ti di Learn Africa. Ní Orẹ́gùn, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ara Ìkẹjà, ni ilé iṣẹ́ Omatek tí Olóògbé Florence Seriki dá sílẹ̀ ti to kọ̀ǹpútà pọ̀ fún títà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí tí ìwé tákàdá àti ẹ̀rọ fi di aládùúgbò ara wọn ní ìlú kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju èyí lọ: báwo ni gíláàsì ṣe di ojú-ìwé? Èé sì ti ṣe tí ó fi jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nítorí ìwé kíkà nìkan kọ́ ni a ń rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Ìkẹjà? Ẹni tí ó bá rin ọjà Òtígbà já yóò ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú fóònù kí ó tó rí ẹyọ ẹ̀rọ ìkàwé kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀ràn náà fún àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé Yorùbá.

Kí a tó sọ ti ẹ̀rọ òde òní, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gbé ìwé wa. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1859, ni Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ọgọ́fà owó ẹyọ ni a sì ń ta ẹ̀dà kan. Irin ni ẹ̀rọ náà, òkè òkun ni ó ti wá, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843; àwọn olùkọ́ ti wà ní ilé ẹ̀kọ́; àwọn ènìyàn sì ti ń jiyàn nípa bí a ó ti ṣe kọ ohùn tí lẹ́tà òyìnbó kò ní. Ní ọdún 1875 àwọn aṣáájú ìjọ pàdé ní Èkó lórí ọ̀ràn bí a ó ti máa kọ èdè náà, ní ọdún 1884 Bíbélì sì parí ní odindi. Nígbà tí rògbòdìyàn Ifọ̀lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, Ìwé Ìròhìn dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò dáwọ́ dúró, nítorí pé kì í ṣe inú ẹ̀rọ ni ó wà. Inú àwọn ènìyàn ni ó wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo ojú ẹ̀rọ. Ojú kìíní tí ó fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán hàn ni ti ìgò ńlá tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, èyí tí Ferdinand Braun ará Jámánì ṣe ní ọdún 1897. Láti ẹ̀yìn ìgò náà ni agbára mànàmáná ti ń ta bí ọfà, ibi tí ó bá sì ba nínú ojú ìgò náà ni ó ń tàn. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti ti àwọn kọ̀ǹpútà tí a kọ́kọ́ tà ní Òtígbà, àwọn tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí alábàárù fi ń rù wọ́n sí orí. Kò sí ẹni tí ó lè gbé irú èyí dání kí ó máa kàwé lábẹ́ igi.

Irú ojú kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà àrà. Ní ọdún 1888, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń kọ́ nípa ewéko, Friedrich Reinitzer ará Austria, yọ́ ohun kan tí a rí láti inú kárọ́ọ̀tì lórí iná. Ẹnu yà á láti rí i pé ohun náà yọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó kọ́kọ́ di omi tí ó rú bí omi ìrẹsì, nígbà tí iná sì pọ̀ sí i, ó mọ́ kedere. Láàárín méjèèjì yìí, ó ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti ohun líle. Ó tó ọgọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí iṣẹ́ gidi fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1968, George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi mànàmáná kan irú omi náà láàárín gíláàsì méjì, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò yí padà. Láti inú èyí ni ojú tí a ń pè ní LCD ti jáde, tí ó kọ́kọ́ wọ aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìṣirò, kí ó tó wọ kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó ro ilé kan tí a tan àtùpà sí inú rẹ̀ ní òru, tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrèsé kékèké. Ẹni tí ó wà ní ìta kò rí àtùpà náà. Fèrèsé ni ó ń rí. Bí a bá ṣí èyí, tí a sì ti tọ̀hún, àwọn tí ó ṣí àti àwọn tí a tì yóò di àwòrán lójú rẹ̀. Àtùpà ni iná tí ó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ. Omi tí Reinitzer rí ni ilẹ̀kùn fèrèsé. Ojú yìí dára, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Èkíní, àtùpà náà kò gbọdọ̀ kú níwọ̀n ìgbà tí a bá ń kàwé, nítorí náà ó ń jẹ iná bátìrì ní gbogbo ìṣẹ́jú. Èkejì, bí a bá gbé e jáde sínú oòrùn ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á borí ìmọ́lẹ̀ àtùpà, òǹkàwé á sì máa fi ọwọ́ ṣíji bo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tí ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Ní ilẹ̀ tí oòrùn pọ̀ tí iná mànàmáná kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀lé, àléébù méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan ti rí ọ̀ràn yìí tipẹ́. Ní ọdún 1972, Alan Kay, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox ní California, kọ ìwé nípa kọ̀ǹpútà kan tí kò tíì sí, tí ó ní kí ó rí bí ìwé, kí ó fúyẹ́, kí ọmọdé sì lè gbé e dání. Dynabook ni ó sọ ọ́. Ní ilé ìwádìí kan náà, láàárín ọdún 1970 sí 1980, Nick Sheridon ṣe ojú kan tí kò ní àtùpà nínú rárá. Ó kó àwọn ilẹ̀kẹ̀ tíntìntín jọ, tí apá kan wọn dúdú tí apá kejì sì funfun. Mànàmáná ni ó ń yí wọn padà, bí ó bá sì ti yí wọn tán, wọn á dúró bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wà ní ìta ni òǹkàwé fi ń rí i, bí a ti ń rí tákàdá. Gyricon ni orúkọ iṣẹ́ náà. Kò di ohun ọjà ńlá, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kò kú.

Ẹni tí ó gbé èrò náà dé ibi tí ó dé lónìí ni Joseph Jacobson, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ méjì, Barrett Comiskey àti JD Albert, ṣe tàdáwà kan tí mànàmáná lè darí, ní ọdún 1997 wọ́n sì wà nínú àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ E Ink sílẹ̀. Tàdáwà yìí jẹ́ àpò kékèké tí kò tóbi ju ìbú fọ́nrán irun kan lọ. Nínú àpò kọ̀ọ̀kan ni omi tí ó mọ́ gaara wà, eruku funfun àti eruku dúdú sì wà nínú omi náà. Agbára mànàmáná tí ó wà lára eruku funfun lòdì sí èyí tí ó wà lára eruku dúdú. Nítorí náà bí a bá fa ọ̀kan wá sí òkè, èkejì á rì sí ìsàlẹ̀. Ibi tí funfun bá wà ní òkè di ojú tákàdá. Ibi tí dúdú bá wà di lẹ́tà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àtijọ́ yóò rántí síléètì. Bí a bá ti fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà kò tún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni mọ́. Ó wà níbẹ̀ títí a ó fi nù ún. Síléètì ni ojú ẹ̀rọ tuntun yìí, àfi pé ẹfun rẹ̀ ń to ara rẹ̀. Ìgbà tí a bá ṣí ojú-ìwé nìkan ni ojú náà ń lo iná. Bí òǹkàwé bá fi wákàtí kan ka ojú-ìwé kan, ojú náà kì í jẹ iná ní wákàtí náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí bátìrì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tí ti fóònù kò ju ọjọ́ kan lọ. Nínú oòrùn ọ̀sán gan-an ni ó sì ń hàn jùlọ.

Ní ọdún 2004 ni Sony gbé ẹ̀rọ ìkàwé kìíní tí ó ní irú ojú yìí jáde ní Japan. Librie ni orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìwé tí a bá gbà sí i ń parẹ́ lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, bí ẹni pé àyálò ni, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni Amazon gbé Kindle jáde ní Amẹ́ríkà ní 399 dọ́là. Kò tó wákàtí mẹ́fà tí gbogbo èyí tí ó wà nílẹ̀ fi tán. Ojú Kindle kò dára ju ti Librie lọ ní ọ̀nà tí ó pọ̀. Ohun tí ó ní ni ilé ìtàwé lẹ́yìn rẹ̀, tí a lè ti ra ìwé wọlé láìsí okùn kankan. Ní ọdún 2009 ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan ra E Ink. A tún bẹ̀rẹ̀ sí fi iná kékeré sí etí ojú náà kí a lè kàwé nínú òkùnkùn. Ní ọdún 2024 Kindle aláwọ̀ mèremère jáde. Ìrìn àjò ojú náà ti gùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ti àwa? Ojú tí kò bẹ̀rù oòrùn, tí kò sì jẹ iná púpọ̀, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ wa gan-an ni ó yẹ? Àwọn mìíràn ti ronú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ One Laptop per Child kó kọ̀ǹpútà kékeré wá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Galadima ní Abuja. Obìnrin ọlọ́gbọ́n kan, Mary Lou Jepsen, ni ó ṣe ojú rẹ̀: nínú ilé, ó ń fi àwọ̀ hàn, bí a bá pa àtùpà rẹ̀ nínú oòrùn, ó di dúdú àti funfun, ó sì ṣe é kà dáradára. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ Worldreader kó Kindle lọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ghana. Inú àwọn ọmọ dùn, ìwé tí wọ́n ń kà sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀: nínú ìdánwò ńlá tí ó tẹ̀lé e, iye ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ sún mọ́ ìdajì. Gíláàsì tín-ín-rín ni ó wà lábẹ́ tàdáwà náà. Ọmọ tí ó bá jókòó lé àpò ìwé rẹ̀ ti fọ́ ọ. Ìwé tákàdá kì í fọ́ nígbà tí a bá jókòó lé e.

Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, bẹ̀rẹ̀ sí pín tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà àgbà. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí ó mú ni rántí ọpọ́n tí babaláwo fi ń tẹ Ifá. Ìwé ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀kọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kó sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ọ̀nà ọgbọ́n ni, nítorí pé ẹrù ìwé tí ọmọ kan kò lè rà tán di ohun tí ó lè fi ọwọ́ kan gbé. Ojú tí ó ní àtùpà lẹ́yìn ni tirẹ̀, kì í ṣe ti tàdáwà. Nítorí náà ilé tí kò bá ní iná kò lè lò ó pẹ́. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2010, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Nàìjíríà, tí Saheed Adépòjú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Inye jáde. Ohun tí gbogbo àwọn wọ̀nyí fi hàn ni pé ìfẹ́ ọ̀ràn náà kò ṣàìsí láàárín wa.

Síbẹ̀, fóònù ni ó borí. Kò borí nítorí pé ojú rẹ̀ dára fún ìwé ju tàdáwà E Ink lọ; kò dára tó o. Ó borí nítorí pé ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn. A fi ń pe ìyá ní abúlé, a fi ń gba owó, a fi ń gbọ́ orin. Ìwé kàn wọlé tọ̀ ọ́ bí àlejò tí ó bá ilé ní ṣíṣí ni. Bí ojú rẹ̀ bá sì fọ́, àwọn ọmọ Òtígbà wà tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Worldreader pàápàá rí èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé sínú fóònù. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ń fi fóònù kàwé ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bi léèrè ni ó sọ pé àwọn ń kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ìgbà tí ìwé ti wà nínú fóònù wọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bá ewé àti èèpo ẹ̀pà jà. Iyán ni kí a béèrè. Kí ni ó wà nínú ojú náà fún ọmọ Yorùbá láti kà? Ibí yìí ni ọkàn mi ti ń gbọgbẹ́.

Mo bá ọmọ iṣẹ́ kan jókòó nígbà kan ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe. Ọjà kò yá lọ́jọ́ náà, ó sì ń ka ìtàn kan ní èdè Yorùbá lójú fóònù tí ó ti sán. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kà á sókè. Ó kà díẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wo ojú ẹ̀rọ náà, mo rí i pé níbi tí ó yẹ kí ẹ àti ọ tí ó ní ohùn lórí wà, àpótí onígun mẹ́rin tí ó ṣófo ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, sà, mò ń méfò rẹ̀ ni.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ó ń méfò èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò rí àmì kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Agége, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, àti oko tí a ń ro.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi gíláàsì, kì í sì í ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, lẹ́tà òyìnbó nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Yorùbá á wá lẹ́tà àkànṣe sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ètò tí a ń pè ní Unicode ni ó yanjú ọ̀ràn yìí. Ó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tí gbogbo ẹ̀rọ yóò mọ̀; láti ọdún 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú rẹ̀. Ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A ní láti so àmì mọ́ lẹ́tà ni, bí ẹni fi fìlà dé orí. Bí ẹni tí ó ṣe lẹ́tà náà kò bá rántí wa, fìlà á ṣí kúrò lórí tàbí kí ó wó sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan rántí wa. Lagos Analysis Corporation ṣe pátákó ìtẹ̀wé Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà. Google sì ní ojú ìtẹ̀wé Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè fi sínú fóònù láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀nà ti ṣí. Àwa tí ó yẹ kí a gbà á kọjá ni a kò pọ̀ tó.

Ohun kan tún kù tí n kò gbọdọ̀ ṣàì sọ, òun náà ni ìtọ́jú. Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon nawọ́ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì yọ ìwé George Orwell kan kúrò nínú Kindle àwọn tí ó ti san owó rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó tà á kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ilé iṣẹ́ náà dá owó padà, ọ̀gá rẹ̀ sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ti rí i pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn, okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ilé wa níhìn-ín, OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, jẹ́ ibi tí òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti lè fi ìwé rẹ̀ sínú fóònù òǹkàwé láìgba ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kọjá. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ilé ìtàwé ìgbà àtijọ́ bá ti ilẹ̀kùn, ìwé tí a ti rà níbẹ̀ wà lórí pẹpẹ wa sí i. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ fún ìwé tí ó jẹ́ pé inú ilé ìtàwé náà nìkan ni a ti lè ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ Townsend dákẹ́ ní ọdún 1867, èdè kò dákẹ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Àwọn kan ti jókòó ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti jiyàn nítorí àmì kékeré abẹ́ rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọmọ ní kíkà, wọ́n sì ti fi ìwé náà sí ọwọ́ tí ó pọ̀. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó tún délẹ̀ fún wa. Kò sí ẹni tí ó ní kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Agége lọ ṣe gíláàsì tàbí tàdáwà. Àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn ń ṣe é lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè tẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ní pípé, kí ó má ṣe sọ pé àwọn ọmọ yóò mọ̀ ọ́n láìsí àmì. Ó lè wò ó lójú fóònù tí kò wọ́n kí ó tó fi ránṣẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ àwọn òbí. Ó lè pa á mọ́ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì tẹ ẹ̀dà kan sórí tákàdá fún àpótí ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè tẹ ìtàn tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún un, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì lọ sí Òtígbà láti ra fóònù tàbí ẹ̀rọ ìkàwé, kí ó má ṣe wo dídán ojú rẹ̀ nìkan, kí ó má sì ṣe béèrè bátìrì nìkan. Kí ó tó ka owó lé òǹtajà lọ́wọ́, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀kọ́. Bí àmì méjèèjì bá jókòó sí ipò wọn, ó ti rí ojú-ìwé. Bí àpótí òfìfo bá yọ, kí ó dá a padà fún onítọ̀hún, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí àwọn tí ń tà á lè mọ̀ pé àwa náà ń kàwé.